Ogún Ó Dín Bíńtín

Okùn mítà kan, àgádágodo idẹ kan,
ìṣó lára igi àjà iyàrá ìwádìí wa ní Sàmárù.
Irin róbótó tí ìjọba ṣèlérí kò dé,
àgádágodo ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ la so rọ̀.
Ọyẹ́ ń da eruku funfun sórí tábìlì,
ètè gbogbo kíláàsì ti bó.
Mo ní kí Hánsátù máa ka fífì rẹ̀:
lọ, ìṣẹ́jú àáyá kan; bọ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan,
àfi bí ẹni pé aago ń bẹ nínú idẹ náà.

Ó ṣírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀:
mẹ́sàn-án, ojú àmì, mẹ́jọ, méje.
"Málàm, mo ṣì í. Mẹ́jọ, ení ló wà nínú ìwé.
Ṣùgbọ́n ẹ wò ó,
páì lọ́nà páì ni mo rí yìí.
Ṣé páì ló ń fa òkúta wálẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ ìdí èyí.
Ènìyàn ló gé mítà. Nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọn ó gé e sí,
àwọn kan dábàá okùn tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá kan fì.
Wọ́n padà lọ wọn ilẹ̀ ayé dípò rẹ̀,
ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kò jìnnà sí ibi tí wọ́n kọ́kọ́ fa ìlà sí.
Kì í ṣe àdììtú. Ọmọ tó jọ bàbá rẹ̀ lásán ni.

Ìkejì ni kò jẹ́ kí n sùn.
Mú nọ́ńbà tí èlé orí èlé ń sáré lọ bá,
èyí tí a fi lẹ́tà e pè,
gbé e ga dé agbára páì,
kí o wá yọ páì kúrò.
Ẹ̀rọ ìṣirò Hánsátù, tí oòrùn ń bọ́, ronú díẹ̀:
kọ́kàndínlógún, ojú àmì,
mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, òdo.
"Ogún ló fẹ́ pè," ọmọ náà wí, "ahọ́n rẹ̀ ló kọ́."
Ta ló rán an níṣẹ́ ogún?
Kí ló pa èlé pọ̀ mọ́ òbìrí,
tí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé
níbi tí ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ wa parí sí?
Wọ́n ní àwọn kan ti rí okùn tó so wọ́n.
Okùn náà kò tíì dé Sàmárù.

Mo sọ fún un pé bàbá mi, ní Òkè-Ìlá,
kò ní ka ìyẹn sí àṣìṣe.
Orí ogún la ti ń wo àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà:
ẹẹ́tàdínlógún, ẹẹ́jìdínlógún.
Ohun tó dín là ń pè, kì í ṣe ohun tó dé.
Hánsátù pàtẹ́wọ́. "Ìyá mi àgbà náà nìyẹn!
Àṣìrín bá dáyà ló máa ń wí,
ogún láìsí ọ̀kan."
Ta ló kọ́ ta? Mo kọ ìyẹn náà sójú bọ́ọ̀dù,
lábẹ́ àwọn kòńgẹ́ tí mi ò mọ ìdí wọn.

Ìkẹta, mi ò sọ ọ́ ní kíláàsì.
Ìṣẹ́jú àáyá inú ọdún kan,
páì lọ́nà mílíọ̀nù mẹ́wàá ni, ó lé díẹ̀.
Nínú ìdánwò, ìyẹn kò ní dín máàkì ẹnikẹ́ni kù.
Mo jókòó ti àtùpà lóru, mo ṣírò díẹ̀ náà:
ọjọ́ kan àbọ̀, àti wákàtí mẹ́ta ó lé.
Mo mọ iye yẹn. Mo ti rìn ín rí.
Ìpè dé pé ìyá mi ń bèèrè mi;
mọ́tò taku ní Jẹ́bà, a sùn sójú títì,
táyà òmíràn bẹ́ lẹ́yìn Ìlọrin.
Wọ́n ti kírun sí i lára kí n tó dé,
yẹ̀pẹ̀ ibojì ṣì tutù.
Ràbíátù àbúrò mi ní, "Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a."
Fẹ́rẹ̀ẹ́-bá.
Abẹ́ ìlà wo ni wọ́n ń kọ ìyẹn sí?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo máàkì ìwé Hánsátù:
mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.
Ó bèèrè ọ̀kan tó kù. Mi ò rí èsì.
Àgádágodo ṣì wà lára okùn,
atẹ́gùn ọyẹ́ ń mì ín, lọ, bọ̀.
Sítọ́ọ̀ ti wà ní ṣíṣí láti àná.