Ṣé O Débẹ̀?

Ojúmọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn mi àkọ́kọ́,
bó ṣe là lórí páànù dídípẹtà Ìtòkú,
bí oòrùn ṣe ń fọwọ́ pa àpáta lórí.
Màmá Ṣówándé, olóòtú wa,
fi bíírò pupa fa ìlà gba gbogbo rẹ̀ kọjá.
"Odò Ògùn ya wọlé onílé ní Láfẹ́nwá lóru àná,
ìwọ ń kí oòrùn.
Ta ló kú? Ilé mélòó ló wó?
Aago mélòó lomi kan ilẹ̀kùn?
Ṣé o débẹ̀?"

Mi ò débẹ̀.
Orí fóònù ni mo ti gbọ́,
lẹ́nu ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ọlọ́kadà.

Yàrá kan ni ọ́fíìsì wa ní Sápọ́n,
lókè ṣọ́ọ̀bù onítáyà,
tí òórùn rọ́bà máa ń bá wa jókòó ìpàdé.
Ibẹ̀ ló ti kọ́ mi pé ìròyìn kíákíá
dà bí ẹni tó sáré wọlé wá ké "Iná!":
kì í kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ará ilé.
Ẹrù tó wúwo jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀,
kó tó máa kó wẹ́wẹ́ sílẹ̀,
tó fi jẹ́ pé bí ààyè tán, tí a gé e nídìí,
orí rẹ̀ á ṣì máa sọ̀rọ̀.

Àpilẹ̀kọ gígùn ńkọ́, Mà?
"Ìyẹn lè bọ́ bàtà, kó jókòó.
Ìyẹn lè sọ àwọ̀ ike tí wọ́n fi gbọ́n omi."
Ìbínú mi sí ìjọba tí kò gbẹ́ gọ́tà ńkọ́?
"Ojú ewé kejì ni ilé ìbínú,
èmi ni mo sì ń gbé níbẹ̀.
Bí mo bá rí tìrẹ lójú ewé kìíní, màá lé e síta."

Mo wá lọ.
Mo ka ilé mẹ́rin, ewúrẹ́ mọ́kànlá, òkú kan.
Ẹnì kan lábẹ́ afárá ló dárúkọ òkú fún mi,
ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lórí wa lọ́wọ́.
Mo kọ ọ́: Fádàpọ̀ Ṣóbọ̀wálé, awayanrìn.
Mi ò bi ẹnì kejì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkùnrin kan gun àtẹ̀gùn wa,
iyanrìn lẹ́sẹ̀, ìwé ìròyìn wa lábíyá.
"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni òkú yín."

Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.
"Fádayọ̀, àbúrò mi, lomi gbé. Dàpọ̀ lèmi.
Ẹ fi pí síbi tí yí wà."
Ìyá wọn ní Ìgbẹ̀in kò mọ̀wé;
ọmọ aládùúgbò ló kà á sí i létí.
Ó ti tú gèlè, ó ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀
kí Dàpọ̀ tó dé láti ibi tó ti ń wá àbúrò rẹ̀ kiri.
"Nígbà tó rí mi, ó fò sókè, ó jó.
Ẹ̀yìn ijó yẹn ni mo wá sọ tòótọ́ fún un."

Màmá Ṣówándé kò bú mi.
Ó ní kí n kọ àtúnṣe,
ojú ewé kìíní, pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá:
"Ibi tí àṣìṣe bá jókòó sí ni kí òótọ́ wá lé e dìde."
Ìlà márùn-ún péré. Agogo mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́.
Kò sí oòrùn nínú rẹ̀.

Àwọn baba wa ti wí: ìròyìn ò tó àfojúbà.
Bẹ́ẹ̀, àwọn tí kò lè débẹ̀ ló ń ra ìwé lọ́wọ́ wa.
Títí dòní, bí ẹ sọ fún mi pé Àìná lorúkọ yín,
màá ní kí ẹ pè é fún mi lẹ́tà lẹ́tà.
Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Mo ti mú bíírò dání.