Ẹnu La Wá Yá

Láti Kétu la ti wá, ìyá adájọ́,
èmi, Láléyẹ ọkọ mi,
àti Akínòcó tó bá wa tẹ ìka sí ìwé.
Òkùnkùn la fi gba Ṣakété kọjá.
Ẹrù wa kò ju àpò ike dúdú kan lọ,
mo pọ̀n ọ́n bí ọmọ tuntun.

Wọ́n ní Bánkì ti sọ tirẹ̀ tán.
Ìwé tó kó wá ga bí òkìtì ọ̀gán,
gbogbo rẹ̀ Faransé, kò sí èyí tó kí wa nínú wọn.
Wọ́n ní ó ku kí ẹ lu òǹtẹ̀,
kí wísíyé wá gbé ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo,
kí ó gbé páànù tó bò ó,
kí ó wo ilẹ̀, bóyá ilẹ̀ náà ṣe é ká bí ẹní.

A kò wá sọ pé a kò jẹ gbèsè.
A jẹ ẹ́.
Mílíọ̀nù méjì sẹ́fà, lọ́dún tí òjò kọ̀yìn sí wa.
Ṣùgbọ́n a ti ń san án!
Bíàú, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ni Bánkì rán sí wa,
alùpùpù pupa, fìlà Bánkì lórí.
Ó ń jẹ iṣu mi, ó ń gba owó, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀,
títí ọjọ́ kan tí a kò gbúròó alùpùpù mọ́.
A dé Bánkì, wọ́n ní, "Ta ni Bíàú?"

Ìwé rẹ̀ rèé. Òjò ti bá wa kà á.
Ojú ewé mẹ́rin ti di omi aró.
Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sójú fèrèsé:
ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, oṣù tí àbúrò mi wà ní ilé ìwòsàn.
Ẹ wo lẹ́tà B yẹn, ó yọ ikùn bí aboyún.
Ọwọ́ Bíàú nìyẹn.

Owó la kọ́kọ́ yá.
Lónìí, ẹnu la wá yá lọ́wọ́ yín,
ẹnu ara wa náà ni.
Ẹ jẹ́ kí a là á, kí ẹ gbọ́, kí a pa á dé.
Bí ẹ bá gbọ́ tán tí ẹ ní kí a san, a ó san.
Ẹni tí a gbọ́ tẹnu rẹ̀ kó tó jẹ̀bi,
ó ní ibi tí yóò gbé orí lé lóru.

Ògbufọ̀ dìde, ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀ ní gbólóhùn kan,
kò gùn tó oríkì ewúrẹ́.
Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ibo lẹ fi Bíàú sí?"
Ó wolẹ̀.
Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀,
ó na ọwọ́ sí ìwé tútù wa,
ó fi ìka tọ ikùn B lọ, tọ ọ́ bọ̀.
Ó kọ nǹkan.
Wọ́n ní kí a padà wá lọ́jọ́ kejìlélógún,
kí a wá fẹnu wa sọ ọ́.
A kò tíì jàre. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí.

Akọ̀wé ní owó òǹtẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì.
A tú àpò, a tú ìdí ìró: kò pé.
Zẹ́míjàn tó gbé wa láti ibùdókọ̀
yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta nínú ìbọ̀sẹ̀.
Akínòcó ti na àtàǹpàkò, ó ń wá ibi tí yóò tẹ̀ ẹ́ sí.
"Bàbá," ni ọmọ náà wí, "ẹ gbé ọwọ́ yín sílẹ̀,
ẹ jẹ́ ká máa lọ, òjò ń ṣú."