Èènì

Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú.
Ẹgbẹ̀ta náírà ló kù lápò mi,
ebi sì ti ń bá mi ṣírò rẹ̀.

Lọ́sàn-án, ní Áílàǹdì, ọ̀gá ní ká lọ jẹun;
oníkálukú ló san tiẹ̀.
Àwo fẹ̀ bí ọpọ́n, oúnjẹ rí tíntín láàárín.
Nígbà tí ìwé owó dé,
wọ́n ti fi ti ìjọba lé e, wọ́n fi ti ìjókòó lé e.
Àwọn náà mọ èènì,
àmọ́ àwọn ni wọ́n ń gbà á.

Bàbá Súfíyánù ò ní àga.
Ó tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì;
òjòjò ló ń dín báyìí, lẹ́bàá ògiri èbúté.
Etí ló fi ń mọ èyí tó jinná:
"Gbọ́. Ó ti dákẹ́."

Ó ka mẹ́fà sínú ìwé ìròyìn àná,
ó dáwọ́ dúró,
ó fi ẹyọ kan lé e.
"Tẹni tó ń retí ẹ nílé nìyẹn."

N kò sọ fún un pé kọ́kọ́rọ́ nìkan ní ń dá mi lóhùn.
Mo ti jẹ mẹ́fà tán kí n tó dé Ìpakodò.
Ìkeje gbóná lọ́wọ́ mi títí dé ẹnu ọ̀nà.
Mo kan ilẹ̀kùn yàrá ara mi
kí n tó ṣí i.