Ọ̀bẹ Torquil

Mo gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun.
Ọ̀bẹ Torquil kò ju ẹyin adìẹ kan lọ.
Irin tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti Glasgow
wúwo tó ẹyin mẹ́rin, tèèpo-tèèpo.
Wákàtí méjì ni ìrìn láti ẹnu ọ̀nà mi dé adágún,
lórí ẹrẹ̀ dúdú tó ń fa bàtà bí ọmọ ṣe ń fa ọmú,
ẹ̀yìn mi sì ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Èwo ni n ó mú? Èwo ni n ó fi sílẹ̀?

Ìwo àgbò ni èkù ọ̀bẹ yìí.
Ó ti bá òkúta ìpọ́nbẹ ṣeré títí
ojú rẹ̀ fi tín-ín-rín bí ewé koríko.
Torquil fi gé okùn, ó fi gé wàràkàṣì,
ó fi la inú ẹja, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò,
ó fi yọ ìdọ̀tí èékánná lọ́jọ́ ìsinmi
nígbà tí àlùfáà ń wàásù lọ́wọ́.
Mo gbún un nígbọ̀nwọ́, ó rẹ́rìn-ín, kò ṣíwọ́.
Iṣẹ́ kan ló mọ̀: gígé.
Ó mọ̀ ọ́n dójú àmì.

Ìkejì dé nínú páálí, ó ń dán bí eyín tuntun.
Ẹ̀mú lẹ́nu, ayùn níhà,
sísọ́ọ̀sì, fáìlì, ìṣígò, ìṣíagolo,
sukudíráfà mẹ́ta, bí ẹni pé ìdè wà lára ẹja.
Ìwé inú páálí ní iṣẹ́ mẹ́rìnlá ló mọ̀.
Mo ní kó fún mi lọ́bẹ, ó yọ ayùn sí mi.
Mo tún un bẹ̀, ó yọ ohun kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.
Kí ọ̀bẹ tó jáde,
ó ti gba èékánná àtàǹpàkò mi bí owó ibodè.

Ǹ bá ti sọ ọ́ sínú àpótí níbẹ̀,
ṣùgbọ́n mo rántí Norrie aládùúgbò mi, lọ́dún tó kọjá.
Ìwọ̀ wọ ẹran àtàǹpàkò rẹ̀, tòun tẹ̀gún rẹ̀.
Mo fa ọ̀bẹ Torquil yọ. Kí ni n ó fi ṣe?
Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀;
èmi rí i pé kì í mú kó tu ìwọ̀ pẹ̀lú.
Norrie rin wákàtí méjì, ọwọ́ lókè
bí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìdáhùn,
ó ń fi ọwọ́ kejì lé kantíkantí kúrò lójú.
Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀mú fà á: ìṣẹ́jú kan, kò tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, irin ni mo gbé.
Mo fi ọ̀bẹ sójú fèrèsé, mo kọjú rẹ̀ sí òkun
kó má baà rí mi bí mo ṣe ń lọ.

Ẹja àkọ́kọ́ jáde, alámì pupa, kò gùn ju ọwọ́ mi lọ.
Ìwọ̀ wà lọ́nà ọ̀fun. Ẹ̀mú wọlé, ó yí i, ó yọ ọ́,
ẹ̀jẹ̀ kò kán. Ẹja wò mí fìrí, ó padà sílé.
N kò lè purọ́: mo yin irin náà lójú Norrie.
Ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán tó,
ọwọ́ mi lọ sínú àpò fúnra rẹ̀,
ó ń wá ìwo àgbò, ó bá aṣọ ìnujú.
Norrie rí i. Kò sọ nǹkan kan.
Ó fi ọ̀bẹ tirẹ̀ gé wàràkàṣì sí méjì,
ó fún mi ní èyí tó tóbi.

Lálẹ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ irin ọmọ mi.
Ihò rẹ̀ pọ̀ bíi ti afárá oyin,
ìpẹ́ ẹja wà nínú gbogbo wọn.
Mo kọ̀wé sí i pé: Ó dára, Alasdair.
Ó yọ ìwọ̀ jẹ́jẹ́ bí ìyá tó ń yọ ẹ̀gún.
N kò kọ ọ̀rọ̀ wàràkàṣì sí i.
Lẹ́yìn náà mo lọ sójú fèrèsé, mo ṣí ọ̀bẹ náà,
ó dún pá. Mo pa á dé. Ó tún dún pá.
Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀la ń kọ́? N ò tíì mọ̀.