Ojú Rírán

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bú bọ́síkọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mákun.
"Wọ̀ ọ́ wò," ni mo máa ń wí, "gbé apá sókè,
bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa owó nílẹ̀.
Ẹni tó rán an kò mọ ìbàdí rẹ.
Kò tilẹ̀ mọ̀ pé o ní ìbàdí."

Ṣùgbọ́n nígbà tí owó yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé mẹ́ta pé sí mi lọ́wọ́,
ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà, ó lé díẹ̀,
ọ̀dọ̀ Ṣóẹ̀tán ní Sábó ni ẹsẹ̀ gbé mi lọ.
(Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, mo fẹ́ máa fi ọkọ̀ sáré lójú gíláàsì lálẹ́.
Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.)
Kọ̀ǹpútà géèmù náà jókòó bí ìyàwó tuntun,
iná pupa, iná búlúù ń ṣẹ́jú níhà rẹ̀.
"Ó ti jinná," ni Ṣóẹ̀tán wí. "Jíjẹ ló kù.
Bó bá dákẹ́ kó tó pé oṣù mẹ́fà, gbé e padà wá bá mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn. Mo fọwọ́ kan àpò mi.
Mo ní, irú fáànù wo ló wà nínú rẹ̀?
Ó ní, "Fáànù dáadáa."
Mo ní, ta ló ṣe èyí tó ń pín iná fún un?
Ó ní, "Àwọn tó ń ṣe é náà ni."

Kúkọ̀yí tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ya bébà kan,
ó kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ ìwọ̀n aṣọ:
ọpọlọ, káàdì àwòrán, ráàmù méjì tó jọra bí ìbejì,
pátákó ìyá tí gbogbo ọmọ yóò so mọ́.
"Wàá jèrè ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún," ó ní.
"Ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́, ìwọ lo bà á jẹ́."

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.
Mo ti gé aṣọ oníaṣọ rí,
léèsì ìyá àgbà kan, ọdún kejì tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù.
Ìró àlùmọ́gàjí ọjọ́ náà ṣì wà létí mi.
Aṣọ tí a bá ti gé kì í hù.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá kan gbé ṣòkòtò bọ́síkọ̀rọ̀ wá kí n bá òun fún un.
Mo tú ojú rírán.
Lóde, òwú méjì tó gún régé.
Nínú, ẹyọ kan ṣoṣo, ó ń gbọ̀n bí irùngbọ̀n ológbò.
Mo tẹjú mọ́ ọn títí bàbá náà fi ní, "Ṣé kò sí?"

Báyìí ni páálí bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Èkó, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Dírẹ́bà kan bi mí bóyá bàtà ni.
Lálẹ́ Sátidé, mo palẹ̀ tábìlì ìgéṣọ mọ́.
Gílóòbù ṣọ́ọ̀bù ti jó láti Ọjọ́bọ̀,
Fọlárìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló di tọ́ọ̀ṣì mú.
Mo fi ọ̀dà funfun náà lé ọpọlọ lórí, bíńtín, bí hóró ẹ̀wà.
Mo de nọ́ọ̀tì. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́.
Mo tẹ bọ́tìnnì.

Kò mí.
Mo tún un tẹ̀.
Òógùn bò mí. Mo rí léèsì ìyá àgbà,
mo rí gbogbo yúnífọ́ọ̀mù tí mo ti rán
tí wọ́n ń rìn lọ lójú títì láìwẹ̀yìn.
Fọlárìn wúkọ́.
"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "wọ́n ti mú iná lọ."

Aago méjì òru kọjá díẹ̀ kí fáànù tó fẹ́.
Fọlárìn ti sùn sórí òkìtì aṣọ.
Nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́kù lórí tábìlì.
Mo jù ú sínú agolo bọ́tìnnì,
mi ò bi ẹnikẹ́ni.