Wáyà Pupa, Wáyà Dúdú

Bàbá mi Dáṣínyàm kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Ó so iná kejì mọ́ alùpùpù,
ó so ṣájà fóònù, ó so rédíò tí ń sọ ojú ọjọ́,
gbogbo rẹ̀ tààrà sórí bátìrì,
ọmọ ewúrẹ́ mẹ́ta lẹ́nu ọmú kan ṣoṣo.
Ó pa ẹ́ńjìnì, ó wọ àgọ́ lọ sùn.
Àwọn yẹn ò sùn.
Wọ́n ń mu, wọ́n ń mu, títí ilẹ̀ fi mọ́ ní Góbì.

Ó tẹ bọ́tìnì. “Kẹ́,” ni alùpùpù wí.
Ó tún tẹ̀ ẹ́: kò fèsì.
Àwọn ràkúnmí ti kọjá òkè;
ó fi ẹsẹ̀ lé wọn, kò wẹ̀yìn.

Mo gbé bátìrì lọ jẹun lẹ́nu páńẹ́lì oòrùn.
Mo wá wáyà tí í jí bí kọ́kọ́rọ́ bá yí,
ibẹ̀ ni mo so wọ́n mọ́:
kí ọ̀gá sùn, kí gbogbo ilé sùn.
Mo fi fíúùsì sẹ́nu ọ̀nà pupa,
ohun tín-ín-rín bí irun,
tí yóò kú kí ilé má baà jóná.
Dúdú, mo dè é mọ́ irin
níbi tí mo ti fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà kúrò.

Ó dé nírọ̀lẹ́, ètè rẹ̀ ti là.
Ó yí kọ́kọ́rọ́: iná tàn, rédíò ní yìnyín ń bọ̀.
Ó yí i padà: kẹ́kẹ́ pa.
Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin.
“Sólóńgò, ta ló ní kí o gé wáyà mi?”
Ó bu tíì oníyọ̀ fún mi
kó tó bu tirẹ̀.