Aago Mẹ́rin Ìdájí, Yàrá Lẹ́tà

Maldwyn gbé ife tíì lé orí àpò lẹ́tà.
"Ẹ jẹ́ ká ya kúrò. Ẹgbẹ́ tí kò mọ
bí òkè Merthyr ṣe ń jẹ orúnkún,
ẹgbẹ́ ta ni?
Wọ́n ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí;
ọwọ́ kejì ti wà lápò láti ọjọ́ yìí."

Àwa mọ́kànlá. Òjò ń lu páànù.
Eirlys kò gbójú sókè, ó ń to lẹ́tà:
ojúlé kẹta, ojúlé karùn-ún, ilé opó Pugh.
"Lọ́dún tí a daṣẹ́ sílẹ̀,
Glasgow ló fowó oúnjẹ ránṣẹ́.
Bí a bá ya, ta la ó kọ̀wé sí?"

Mo ti buwọ́ lùwé Maldwyn lánàá.
Ó wà lápò àyà mi, kò ní sítáǹbù,
lẹ́tà kan ṣoṣo
tí n kò mọ ojúlé rẹ̀.